Omi Tútù Ni Kó Kọ́kọ́ Kàn Án

Bí ẹ bá wọ ilé ìfọṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní béèrè èwo ni òun. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ọpọ́n ni. Àwọn yòókù á jókòó, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ, ẹ̀rọ á máa bá wọn ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ni wọ́n ń fọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára aṣọ, omi tútù ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn án, kí wọ́n fọwọ́ fọ̀ ọ́, kó tó wọ ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá jù ú sínú omi gbígbóná bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà á jinná mọ́ ọn lára, kò ní lọ mọ́. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí ẹ̀yìn máa dun òun?

“Ìyá Àtúnṣe” ni wọ́n ń pè é. Èyí tó bá ti le, wọ́n á tì í sí i lẹ́sẹ̀. Inú máa ń bí mi gan-an. Òun á ní, “Ṣé kí n wá máa bá wọn jà ni?”

Nígbà tí oyún inú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo pé oṣù, ilé ìwòsàn yẹn náà ni yóò bí i sí. Ẹ̀gbọ́n mi ò bẹ Ọlọ́run ju pé kí ọmọ òun bímọ láyọ̀, sórí aṣọ tó mọ́. Ó bẹ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí mi ò bá wá, ẹ bá mi fọwọ́ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kó o sẹ́rọ. Ọmọ mi ló máa sùn lé e.”

“Háà, màmá! Ọmọ gbogbo wa ni. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Obìnrin tó ń lọ aṣọ tiẹ̀ gbàdúrà fún un. Àdúrà náà gùn.

Ọjọ́ tí ọmọ ń rọbí, mo tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì tẹ́ ibùsùn. Àbàwọ́n ràgàjì kan wà níbi tí wọ́n ń gbórí lé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n mú òmíràn wá. Ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, bí wọ́n ṣe kó o dé láàárọ̀ yìí nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìkejì sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ̀ ọ́ bíi pé kó ya. Àbàwọ́n náà ò lọ. Ọmọ ń ké pè é. Ó padà wá, ó yí ibi tó dọ̀tí lára ti àkọ́kọ́ sí apá ẹsẹ̀, ó ní kí ọmọ máa bọ̀ wá dùbúlẹ̀. Mi ò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n mi.

Ọmọ náà bímọ láyọ̀. Mo kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi pé bó bá padà síbi iṣẹ́, kó sọ̀rọ̀ sí wọn. Ó ní òun á sọ ọ́.

Bó ṣe wọlé, wọ́n dìde, wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n gbé bàtà ọmọ tuntun tí wọ́n dáwó rà lé e lọ́wọ́. Ó fọwọ́ méjèèjì gbà á.

“Ẹ ò mọ bí a ṣe ń retí yín,” obìnrin tó ń lọ aṣọ wí. “A ti kó àwọn tó le jọ dè yín.”

Òkìtì aṣọ wà nídìí ọpọ́n rẹ̀. Ó mọ èyí tó wà lókè. Àbàwọ́n àtijọ́ yẹn wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé bàtà náà sórí fèrèsé, ó bu omi tútù, ó bẹ̀rẹ̀.