Ilẹ̀ Tí Kì Í Rìnrìn Àjò

Bí wọ́n bá ti gé koríko ní Birchmere Park tó wà nítòsí ilé wa láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, òórùn rẹ̀ a máa gba ojú fèrèsé wa wọlé títí dé ilé ìdáná. Àwọn aládùúgbò a ní ó ń ta sánsán. Èmi kì í lè sọ bẹ́ẹ̀. Òórùn ewé tútù ti di òórùn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún mi, torí ibi tí mo ti gbọ́ èyí tí n kò lè gbàgbé ni Ọsirélíà, níwájú iná tí ìyá àgbà kan dá fún mi kí n tó lọ kí ẹ̀gbọ́n mi nínú sàréè. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi náà mọ̀ pé n kì í sábà sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí.

Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi. Woolwich nílùú ọba níbí ló ti ṣiṣẹ́ kó tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú kékeré kan ní Ọsirélíà lọ́hùn-ún, níbi tí oòrùn kì í ti í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Àìsàn tó pa á kò pẹ́ lára rẹ̀ rárá. Fisà mi kò tíì jáde tí wọ́n fi sin ín, torí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ fẹ́ kí sàréè wà nítòsí wọn. Ta ló fẹ́ bá wọn jà sí i? Màmá wa nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ létí. Ọ̀dọ̀ mi ní Thamesmead ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì jókòó sórí àga wọn lójú fèrèsé, wọn ò sunkún, wọn ò jẹun.

Wọ́n ní, "Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, wọ́n á gé irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wálé. Wọn ò gé nǹkan kan fún mi. Ṣé ọmọ mi ò nílé ni?"

"Mummy, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni kí n wá sọ? Bí o bá débẹ̀, bu erùpẹ̀ orí sàréè rẹ̀ wá fún mi. Ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó. Màá fi ránṣẹ́ sílé kí wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Ìgbà yẹn ni màá tó mọ̀ pé ó ti délé."

Ọmọ mi obìnrin, tí mo bí sí Woolwich, tí ẹ̀kọ́ "ẹ" àti "o" kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ lára, dá sí i láti orí fóònù rẹ̀: "Grandma, airport ò ní allow Mummy láti gbé sand o." Màmá kò tilẹ̀ wo apá ibi tó wà. Wọ́n fa áńkáṣíìfù funfun kan yọ lábẹ́ Bíbélì wọn, wọ́n ká a sí mi lọ́wọ́, wọ́n sì pa ìka mi dé lé e lórí.

Nígbà tí mo dé Ọsirélíà, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló fà mí lé ìyá àgbà náà lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn Aborígínì ni wọ́n, àwọn tó ni ilẹ̀ Ọsirélíà kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti máa mú àlejò rin ilẹ̀ àwọn baba wọn, kí wọ́n máa fi ewéko hàn án àti ipa ẹsẹ̀ ẹranko àti ibi tí omi ń sá pamọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń wẹ egbò ẹsẹ̀ wọn ní kílíníìkì, ibẹ̀ ni wọ́n ti dọ̀rẹ́. Orí ilẹ̀ ìran wọn ni itẹ́ òkú ìlú wà, wọ́n sì ní àwọn ò ní jẹ́ kí n débẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn kọ́kọ́ mú mi mọ àwọn onílé, ìyẹn àwọn baba wọn tó sùn síbẹ̀.

Wọ́n kó ewé tútù sórí iná, èéfín funfun bo gbogbo ibẹ̀, wọ́n ní kí n gba inú rẹ̀ kọjá. O mọ irú ìjọ tí a ń lọ. Ẹsẹ̀ mi ò gbéra, mo ti ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù lábẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ náà pe orúkọ yẹn nígbà tó kọ́kọ́ dé ibí. Ó pè é tán, ó sì kọjá."

Ìgbà yẹn ni omijé kọ́kọ́ bọ́ lójú mi láti ìgbà tí ìròyìn ikú ti dé. Ohun tí wọ́n sọ yẹn jọ ẹ̀gbọ́n mi ju àwòrán rẹ̀ tó wà ní pálọ̀ wa lọ. Mo pe tèmi náà tán, mo sì kọjá.

A rìn lẹ́bàá odò. Ilẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ bàtà mi, èèpo àwọn igi ibẹ̀ ń ṣí lára wọn bí ìwé tí omi ti rin. Ìyá àgbà ń rìn níwájú pẹ̀lú ọ̀pá, wọn ò kánjú, bí wọ́n bá sì dé ibi kan, wọ́n á dúró, wọ́n á sọ̀rọ̀ ní èdè wọn bí ẹni tó ń kí ará ilé. Nígbà tí a dé ìdí sàréè, ó ṣì ga, wọn ò tíì fi òkúta kankan sí i. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ áńkáṣíìfù Màmá sílẹ̀, mo na ọwọ́. Ìyá àgbà di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọn ò sì dì í le rárá.

"Rárá, ọmọ mi. Ilẹ̀ yìí kì í rìnrìn àjò."

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo sọ ti irun, ti èékánná, ti ẹ̀yìn ilé bàbá wa, ti arúgbó tó jókòó sójú fèrèsé tí kò jẹun. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n wá ní nígbà kan rí àwọn òyìnbó hú egungun àwọn baba àwọn, wọ́n kó wọn kọjá òkun, wọ́n tò wọ́n sínú àpótí fún ìwòran.

"Mo mọ ohun tó ń ṣe ìyá rẹ," wọ́n ní. "Àwa náà ṣì ń retí àwọn tiwa. Ìdí nìyẹn tí ohunkóhun kì í fi í kúrò níbí mọ́. Mo ti sọ fún ilẹ̀ pé ọ̀rẹ́ mi lobìnrin yìí, ṣùgbọ́n n kò mọ ìran rẹ̀. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Wá sọ ọ́."

Wọ́n mú mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, wọ́n bu iyanrìn sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n dà á sínú odò kí n sì sọ ìran ẹni tó sùn sínú sàréè náà. Wọ́n kọ́kọ́ ké sí àwọn baba wọn, ohùn wọn gùn títí dé òdìkejì. Ó kàn mí. Màmá ni wọ́n mọ oríkì ilé wa kì, èmi kàn máa ń gbọ́ ọ ní etí kan ni. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́ ni, ọmọ a-fún-àlejò-jẹ-kí-tiẹ̀-tó-jinná…" Mo lọ díẹ̀, ìyókù fò lọ lórí mi. Mo wá kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á. Ó mọ èèyàn tọ́jú." Odò ń ṣàn lọ. Mo ká áńkáṣíìfù náà sápò lófìfo.

Nígbà tí mo padà dé Thamesmead, Màmá ti na ọwọ́ kí n tó bọ́ kóòtù. Mo fi áńkáṣíìfù lé wọn lọ́wọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tú u, wọ́n wo inú rẹ̀ títí. Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú ojú yẹn mọ́. Mo sọ gbogbo bó ṣe lọ fún wọn.

"Ṣé o kì í lóríkì?"

"Mo kì í, Mummy."

"Dé ibo?"

Mo sọ ibi tí mo dé. Wọ́n mí kanlẹ̀. "O ò dé ìdí ìyá. Apá ọ̀dọ̀ tèmi ló kù."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sí Woolwich Ferry, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá odò. Wọ́n ti bu erùpẹ̀ díẹ̀ nínú ìkòkò tí wọ́n gbin ewúro sí ní bákónì, ewúro tí òtútù ò jẹ́ kó ga, wọ́n ti dì í sínú áńkáṣíìfù náà. Ọkọ̀ akẹ́rù kún inú ọkọ̀ ojú omi náà, òórùn epo dísù bo gbogbo ibẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè Màmá sẹ́yìn. Nígbà tí a dé àárín odò, wọ́n da erùpẹ̀ náà sínú omi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oríkì náà láti ibi tí mo bá a dé. Àwọn awakọ̀ ń wò wá láti inú ọkọ̀ wọn. Màmá ò wo ẹnì kan. Wọ́n ki ọmọ wọn dé ìdí ìyá, dé ìdí ìyá ìyá, wọ́n ń kì í lọ, ìgbà tí wọ́n sì parí ni wọ́n tó bú sẹ́kún. Ẹkún tí wọ́n ti ń kó jọ láti ọjọ́ yìí ni. Mo dì wọ́n mú títí a fi gúnlẹ̀ sí North Woolwich.

"Omi ò ní ààlà," wọ́n ní. "Yóò jíṣẹ́."

Wọn ò bèèrè erùpẹ̀ mọ́. Wọ́n ń jẹun, ṣùgbọ́n ara wọn kò padà bọ̀ sípò, torí òbí tó sin ọmọ ti sin nǹkan lára ara rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pè mí, wọ́n ní bí ọjọ́ àwọn bá pé, kí a má wulẹ̀ gbé àwọn sínú ọkọ̀ òfurufú. Kí a sáà sọ fún ilẹ̀ tí a bá sin àwọn sí pé ọmọ ta ni àwọn. Èmi tí mo mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ilé, mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn gbà lọ́wọ́ wọn.

Òtútù ọdún yẹn ló mú wọn lọ. Pásítọ̀ gbàdúrà tán, àwọn èèyàn ti ń yí padà síbi tí wọ́n gbé mọ́tò sí. Mo bu erùpẹ̀ tútù, mo dúró létí sàréè pẹ̀lú ọmọ mi, mo sì gbé ohùn sókè. N kò mọ ẹni tó nilẹ̀ níbí, n kò mọ orúkọ tí à á fi ké sí i. Mo ki Màmá fún un ní Yorùbá, láìfo ìlà kan, títí dé ìdí ìyá tí mo kọ́ lórí ferry. Láti ìgbà tí a ti ń gbé ìlú yìí, tí a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí a ń bímọ síbẹ̀, ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ sọ ẹni tí a jẹ́ fún ilẹ̀ rẹ̀, ó sì gba kí a kọ́kọ́ fi Màmá sínú rẹ̀.