Ùgú Tí Mo Gbìn fún Ìyàwó Mi

Mo ṣì ń rántí òórùn ẹ̀yìnkùlé wa ní Ogunu, ní Warri, lọ́dún tí ìyàwó mi lóyún àkọ́kọ́. Ibi tí mo gbin ùgú sí ló ń rùn bí omi gọ́tà, èmi sì ń pè é ní òórùn ilẹ̀ ọlọ́ràá. Aṣọ ni mò ń tà ní Okere, ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ láti apá Ọ̀yọ́ ni mí, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Dókítà ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi kéré jọjọ. Oògùn tí wọ́n fún un, bó bá ti gbé e mì ni yóò bì í. Omi ewé ùgú nìkan ni inú rẹ̀ gbà. Ó fẹ́ máa rà á lọ́jà, mo ní rárá o, ta ló mọ etí gọ́tà tí wọ́n ti já a? Kó dúró de tèmi. Ọwọ́ ara mi ni màá fi bọ́ ọmọ mi!

Nílé wa lọ́hùn-ún, òjò kì í pọ̀. Tí a bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́, ṣe là ń gbẹ́ ilẹ̀ sísàlẹ̀, tí a ó fi yẹ̀pẹ̀ yí etí rẹ̀ ká, kí omi má baà sá lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ní Warri, níbi tí òjò kì í ti í mọ ilé lọ. Ùgú hù, ó fa ìtàkùn díẹ̀, ó dúró. Ewé rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo ní ebi ló ń pa á, mo da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Mo tún ri igi mọ́lẹ̀ tí yóò gùn, kò gùn ún. Ìyá Urhobo tó múlé tì wá yọjú lórí ọgbà, ó ní, "My pikin, na water dey kill am. Raise the ground." Mo dúpẹ́ lẹ́nu, mo wọlé, mo fi í ṣẹ̀sín fún ìyàwó mi: "Wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ àgbẹ̀ lóko!" Kò rẹ́rìn-ín. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n ra ti ọjà, ẹ jọ̀ọ́." Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi ò tíì dàgbà, mo ti ya wèrè.

Ọ̀sẹ̀ náà ò pé tí ìyàwó mi fi ṣubú ní bàlùwẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n rí òun gbà, wọn ò rí ọmọ gbà. Ọmọkùnrin ni. Àwọn àgbà mọ́sáláṣí wa lọ sin ín, wọn ò jẹ́ kí n mọ ibẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo fa ùgú yẹn tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà, ó dúdú, omi sì ń sun nínú ihò. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọlọ́run fún wa ní méjì lẹ́yìn ìyẹn. Ìyàwó mi ò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí, àìbú yẹn sì ń dùn mí ju èébú lọ. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá béèrè ní ṣọ́ọ̀bù pé ọmọ mélòó la bí, èmi á ní méjì. Òun á gbójú sókè níbi tó ti ń ká aṣọ, á ní, "Na three."