Ìwọ́ Ọmọ Mi Lẹ́bàá Òkúta Onílà

Ẹ má bi mí bóyá àlá ni. Mi ò sùn. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, màmá mi náà rí i. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá jókòó sẹ́yìnkùlé mi ní Clear Lake, ní Houston níbí lọ́sàn-án gangan.

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ra ilé yìí, òkúta kan wà nídìí igi ńlá ẹ̀yìnkùlé, ilà gbọọrọgbọọrọ kún ara rẹ̀. Òyìnbó aládùúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló sọ fún mi pé bàbá tó ni ilé tẹ́lẹ̀, tó ti kú, ló fín in. Rúùnù ni wọ́n ń pè é, lẹ́tà tí ìran Jámánì ń lò láyé àtijọ́. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ sára igi, ìdí nìyẹn tí ilà rẹ̀ fi tọ́. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ: màlúù, yìnyín, oòrùn. Èyí tó dá dúró lókè ń jẹ́ ilẹ̀ ogún. Ó ní àwọn Násì, ìjọba ìkà tó jẹ ní Jámánì nígbà ogun àgbáyé kejì, sọ ọ́ di àmì tiwọn, wọ́n bà á lórúkọ jẹ́, ṣùgbọ́n bàbá yìí kì í ṣe ara wọn. Ilẹ̀ rẹ̀ ló kàn fẹ́ràn.

Mo ní ó dáa. Kí ló kàn mí?

Àfi ìgbà tí ìwọ́ ọmọ mi já. Màmá mi, tó wá láti Ìbàdàn wá bá mi tọ́jú ọmọ, kò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n sin ín sẹ́bàá òkúta náà. Wọ́n ní ibẹ̀ ló rọ̀ jù.

Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ọmọ mi á kọ ọmú. Ara rẹ̀ á le gbagidi, á tẹjú mọ́ fèrèsé. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọn ò rí nǹkan kan. Ọmọ ń rù lójú mi. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ṣá, ṣá, ṣá. Mo wo ìta. Bàbá òyìnbó kan ló tẹ̀ mọ́ òkúta, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré fín in. Oòrùn Houston ń mú ganrínganrín, bàbá kò ní òjìji. Ẹ gbà mí gbọ́, orí mi wú.

"Ṣé o rí i?" Màmá mi ló sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn mi.

"Mo rí i, mà."

"Jẹ́ ká hú ìwọ́ yẹn. Ká jáde nílé onílé."

Ilé onílé kẹ̀! Inú bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Mo pọn ọmọ mi, mo ṣílẹ̀kùn, mo jáde.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin fín tiyín sára òkúta. Èmi sin ti ọmọ mi sínú ilẹ̀. Ibi tí ìwọ́ ẹni bá wà, ilé ẹni ni. A ò lọ síbì kankan!"

Mi ò yẹsẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó wo ọmọ ẹ̀yìn mi pẹ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan jẹ́jẹ́, lédè tí mi ò gbọ́. Mo ṣẹ́jú báyìí, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lábẹ́ àmì ilẹ̀ ogún, ó ti fín irú rẹ̀ mìíràn, kékeré. Ìyẹ̀fun òkúta ṣì wà lára rẹ̀.

Ọmọ mi mu ọmú lọ́jọ́ náà, ó yó. Màmá mi ní bàbá yẹn ti sàmì sí ọmọ wa, ó ń bọ̀ wá mú un ni. Èmi ní ó fún un ní ìpín nínú ogún ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ta ló jàre nínú wa? Mi ò mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilé nílùú yìí, ẹ yẹ ẹ̀yìnkùlé wò dáadáa kí ẹ tó sin ìwọ́ ọmọ síbẹ̀. Tí ẹ bá sì ti sin ín, ẹ má hú u nítorí ẹnikẹ́ni, alààyè tàbí òkú. Bí bàbá náà bá padà wá fún ọmọ yìí, èmi ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà.