Ọwọ́ Doug Tí Wọ́n Fi Mu Tíì

Ní etí odò Huon ní Tasmania, bí ènìyàn bá dárúkọ olóògbé Clarrie Hibberd, ọjọ́ tí wọ́n jẹ ọwọ́ Doug ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Norma ìyàwó rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bá ìyẹ̀fun pípò lórí tábìlì, ó rò pé ọkọ òun ti jáwọ́ nínú ọ̀lẹ, ó bá tì í sínú ààrò. Ó pe Doug Tranter, ọ̀rẹ́ Clarrie, tó jókòó níta wọlé, wọ́n fi bọ́tà sí i, wọ́n sì fi ń mu tíì nígbà tí Clarrie wọlé.

"Norma, ìyẹ̀fun mi dà?"

"Òun la ń jẹ yìí. Iyọ̀ ò tó sí i."

"Yéè! Ọwọ́ Doug lẹ jẹ yẹn!"

Doug gbé ti ẹnu rẹ̀ mì. "Ó dùn ju bí mo ṣe rò lọ," ni ó wí.

Ayùn ilé ìlagi ló ti gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún Doug ṣáájú èyí. Láti ìgbà náà, ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan ó yọ̀ bọ́, inú bí Doug, ó là á mọ́ àpáta, èèkù rẹ̀ sì fọ́ wẹ́wẹ́. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ àfi ti ẹja wá jókòó sílé, ó ń wo ògiri. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ń ká Clarrie lára, nítorí ogójì ọdún ni wọ́n ti jọ ń pẹja.

"Mo ti fẹja sílẹ̀," ni Doug wí.

"Ta ló bi ọ́? Di ìyẹ̀fun yìí mú bí ẹni di ọ̀pá mú, ojú ọwọ́ rẹ ni n ó fi gbẹ́ èèkù tuntun."

Lójú Clarrie, ẹni tó ra èèkù lọ́jà kò yàtọ̀ sí ẹni tó wọ eyín ẹlòmíràn. Igi páìnì odò wọn nìkan ló sì gbà, èyí tí omi kì í ba jẹ́. Aládùúgbò kan ní pákó rẹ̀ kan níwájú ilé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀.

"Mi ò tà á, Clarrie."

"Mi ò ní kí o tà á. Fún mi ni mo ní."

Clarrie jókòó lé pákó náà láti àárọ̀. "Sùúrù ni baba ìwà," ni ó ń wí fún ẹni tó bá kọjá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, onípákó jáde. "Gbé e lọ jàre, kí n rí ọ̀nà gbé ọkọ̀ mi jáde!"

Doug tún di ìyẹ̀fun mìíràn mú dípò èyí tí wọ́n jẹ, Clarrie sì jókòó tì í. Ó gbẹ́ èèkù mẹ́fà, Doug kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìkeje ni ó mú lọ sódò. Ó padà pẹ̀lú ẹja kan.

"Ó kéré," ni Clarrie wí. Lẹ́yìn náà ó lọ sẹ́yìnkùlé lọ fun imú. Ó ní eruku igi ni.

Clarrie kú nínú òtútù oṣù Keje. Lẹ́yìn ìsìnkú, Norma sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Doug létí odò.

"Jẹ́ kí n wo ọ̀pá yẹn."

Ó di èèkù náà mú, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ìka rẹ̀ kò ríbi wọ̀. "Kò mà bá mi lọ́wọ́ mu rárá!"

"Kò bá ẹnì kankan mu. Clarrie pàápàá gbìyànjú, ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sómi. Àwọ̀n ni mo fi yọ ọ́!"

Norma rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó dá ọ̀pá náà padà, ìka méjì Doug sì wọ inú igi náà, wọ́n jókòó síbẹ̀ pẹ́sẹ́.

"Àárò rẹ̀ ń sọ mí, Doug."

"Ó ń sọ èmi náà," ni Doug wí, ó sì ju ìwọ̀ sódò.