Ọkọ̀ Tó Ń Fà Sọ́wọ́ Òsì

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí kò sí ohun tó lè mú un sáré lórí ìjókòó awakọ̀. Yanrìn àti búlọ́ọ̀kù ló ń fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kó fún àwọn tó ń kọ́lé. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìgbín bá ń bọ̀ lẹ́yìn, Jẹ́jẹ́ á yà fún un. Òun náà á rẹ́rìn-ín, kò sì ní torí ẹ̀ tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Nígbà tí kíndìnrín ẹ̀gbọ́n yìí wá daṣẹ́ sílẹ̀, tí dókítà ní kó máa wá fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìlú ńlá, kò sí ẹni tó ń béèrè ta ni yóò máa gbé e lọ.

Odò kékeré kan lójú ọ̀nà ìlú ńlá náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Afárá rẹ̀ ti wó. Lẹ́ẹ̀rùn, omi ibẹ̀ kì í ju kókósẹ̀ lọ. Tí òjò bá dé, ó di ohun tó ń dé itan. Lọ́jọ́ kan omi wọ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ sì kú sáàárín odò. Àwọn àgbẹ̀ ló gbé ẹ̀gbọ́n sẹ́yìn sọdá. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ ti wú, ó sì ń fa èémí bí ẹni tó ń gun òkè. Jẹ́jẹ́ ní irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ lójú òun.

Ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà àdúgbò. "Gbé e sókè fún mi, kọ́wọ́ omi má tó o mọ́."

Wẹ́dà gé irin nínípọn, ó fi wọ́n sórí àwọn sípírìn ẹsẹ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì nàró sókè bí àkùkọ tó fẹ́ kọ. Ẹ̀gbọ́n ní láti gun àpótí kó tó wọnú rẹ̀.

"Ṣé ọkọ̀ nìyí àbí àjà?" ló ń wí, tó ń rẹ́rìn-ín. Omi gba abẹ́ wọn kọjá lọ́jọ́ náà, wọn ò tiẹ̀ fura sí i.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Bí wọ́n bá ti bọ́ sórí ọ̀dà, ọkọ̀ á máa fà sọ́wọ́ òsì, bí ẹni pé ó gbàgbé nǹkan sínú kòtò. Ọ̀nà á tọ́, sítíárì á wọ́. Bí Jẹ́jẹ́ bá délé, apá á máa ro ó. Láìpẹ́, etí ìta àwọn táyà iwájú jẹ títí okùn inú wọn fi yọ.

Ó tọ ọkùnrin kan lọ tó ń ṣe aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn ni pé ó ń to ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí gbogbo wọn lè kọjú síbì kan náà. Ọkùnrin náà wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde láìrẹ́rìn-ín.

"Irin tí wọ́n fi sí tòsì nípọn ju tọ̀tún lọ," ló wí. "Mo lè mú ìyẹn dọ́gba. Àmọ́ bí ẹ ṣe gbé e ga tó yìí, apá tó di táyà mú ti tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bóòtù tí a fi ń tò ó ti dé òpin. Kò ní ìyí mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un yí."

Ó tún un yí. Kò gbà.

"Ẹ ránṣẹ́ ra apá tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ gíga, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́ kó tó dé. Tàbí kí ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀."

"Tí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, odò á gbé wa."

"Tí ẹ ò bá sọ ọ́ kalẹ̀, kòtò á gbé yín."

Jẹ́jẹ́ jókòó sórí táyà kan níbẹ̀, ó kawọ́ lérí. Ó ránṣẹ́ ra apá náà. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í dúró de ọjà, Jẹ́jẹ́ sì ń wa ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, nínú òjò, táyà iwájú bẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọkọ̀ já sọ́wọ́ òsì, ó fẹ̀gbẹ́ gbá ebè, ó dúró. Táyà ìpamọ́ tó ti fi rọ́pò èyí tó jẹ ni èyí tó bẹ́ yẹn. Kò sí òmíràn. Kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀.

"Àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n wí, "jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ilé kẹ̀? Wọ́n ń retí yín ní ilé ìwòsàn!"

"Ó ti rẹ̀ mí."

Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Jẹ́jẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń bú ọkọ̀, ó ń bú wẹ́dà, ó ń bú orí ara rẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Òjò ń fọ omijé rẹ̀ lọ.

Tíípà kan tó kó òkúta ló padà yọ. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n síwájú, Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́yìn lórí òkúta. Wọ́n débẹ̀, wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ náà, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì pe Jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ báyìí mọ́ o. Ẹ̀mí ò láàrọ̀."

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Jẹ́jẹ́ gba yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó sì kó ẹ̀gbọ́n àti máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ lọ síbẹ̀.

"Ilé mi ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n ń béèrè. "Àwọn oníbàárà mi ńkọ́?"

Jẹ́jẹ́ gbé máṣíìnì náà sí kọ̀rọ̀ yàrá.

Wẹ́dà yọ irin rẹ̀, ọkọ̀ padà sípò, ó sì ń lọ tààrà. Apá tí wọ́n ránṣẹ́ rà kò tíì dé títí di òní. Bí Jẹ́jẹ́ bá ń lọ wo ẹ̀gbọ́n, tí òjò sì pọ̀, á gbé ọkọ̀ kalẹ̀ létí odò, á ká ṣòkòtò, á fẹsẹ̀ sọdá, á wá ọkọ̀ wọ̀ lódìkejì. Lọ́jọ́ tí omi bá ga jù, á dúró wò ó, á sì padà.

Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà, ara ògiri ló sì kọjú sí. Bí Jẹ́jẹ́ bá wọlé, ẹ̀gbọ́n á wo ṣòkòtò rẹ̀ tó tutù. Á kó aṣọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kó lè ráyè jókòó.