Ìyá Toản Wá Wo Ilé Orí Omi

Ẹnu Khoát ló máa ń kó bá a. Bí ẹ bá bi àwọn tó mọ̀ ọ́n ní èbúté Hạ Long, ohun tí wọ́n máa sọ fún yín nìyẹn. Wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ dán lórí ọkọ̀, pé ó lè gba àárín àpáta méjì kọjá nínú kùrukùru láìjẹ́ kí ara ọkọ̀ kan òkúta, pé kò mutí jù, pé kò na ìyàwó rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá mirí, wọ́n á ní, "Àmọ́ ẹnu yẹn." Ohunkóhun tó bá ti sọ sí i lọ́kàn, ará ìta ti gbọ́ ọ nìyẹn.

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Orí omi ni wọ́n bí i sí, nínú ilé onípákó tó léfòó lórí àgbá, ní abúlé àwọn apẹja tó wà láàárín àwọn erékùṣù àpáta. Ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ ló ti bí Ngần, ọmọ kan ṣoṣo tó ní. Nígbà tí ìjọba kó gbogbo abúlé náà lọ sórí ilẹ̀, tí wọ́n fún olúkúlùkù ní ilé oníbíríkì, oṣù mẹ́ta gbáko ni Khoát kò fi rí oorun sùn. Ó ní ilé yẹn dúró gbagidi jù. Ìyàwó rẹ̀ ní tiẹ̀ rí omi ẹ̀rọ nínú ilé ìdáná, ó ní òun ò tún wọ ọkọ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Bí Khoát ṣe lọ gba iṣẹ́ atukọ̀ nínú Lékeléke nìyẹn, ọkọ̀ alájà mẹ́ta tó ń gbé àwọn àlejò kiri àárín àpáta, tí wọ́n á sùn mọ́jú lórí omi. Ó ní ibi tí òun á ti rí oorun sùn lòun ń wá ní tòun.

Inú ọkọ̀ yìí náà ni Ngần ti ń se oúnjẹ. Ibẹ̀ náà sì ni Toản, ọmọkùnrin kan láti abúlé olóko ìrẹsì ní Thái Bình, ti ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì. Ògiri kan péré ló wà láàárín ilé ìdáná àti yàrá ẹ́ńjìnnì, kò sì yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìyókù fún yín.

Ìyá Toản ni kò gbà. Hợi lorúkọ rẹ̀. Opó ni, ìrẹsì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ló fi tọ́ ọmọ náà dàgbà. Ó ránṣẹ́ pé òun ò bá ọmọbìnrin náà jà, pé orísun rẹ̀ ni òun ò mọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ilé ìyàwó. Wọ́n á rí ibi tí wọ́n ti ń jó tùràrí fún àwọn baba ńlá, wọ́n á rí kànga, wọ́n á rí ibojì. Kí ni wọ́n fẹ́ rí lọ́dọ̀ ará orí omi? Ṣé ilé oníbíríkì tí ìjọba kọ́ lánàá? Ó ní ẹni tí kò nílẹ̀ kò ní ibi tó máa padà sí, ìyàwó tó ń léfòó lónìí lè bá omi lọ lọ́la.

Toản kì í kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó sọ fún Ngần tẹkún-tẹkún pé bí ìyá òun ò bá gbà, ọ̀rọ̀ náà ò lè ṣeé ṣe. Ngần náà bú sẹ́kún. Khoát ló ní kí àwọn méjèèjì nu ojú wọn. Ó tọ ẹni tó ni ọkọ̀ lọ, ó ní àsìkò òjò la wà yìí, yàrá mẹ́rin ló ṣófo, ẹ jẹ́ kí àna mi sùn nínú ọ̀kan. Onítọ̀hún gbà. Khoát ní kí wọ́n lọ pe Ìyá Toản wá, òun fúnra òun á mú un lọ wo ilé.

"Ilé wo, Bàbá?" Ngần bi í. "Ṣebí wọ́n ti tú gbogbo ẹ̀."

"Ibi tó wà kò lọ síbì kankan."

"Ẹ ṣáà bá mi mú ẹnu yín mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kan péré, Bàbá, mo bẹ̀ yín."

"Ẹnu mi? Kí lẹnu mi ṣe?"

Ngần padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Toản dé èbúté tòun ti àpò ìrẹsì kan àti adìyẹ ààyè kan nínú agbọ̀n, torí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún un pé wọ́n ń jẹun gidi lórí omi. Kó tó fẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ ló ti gba ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó wọ̀ ọ́, ó so gbogbo okùn ẹ̀ pinpin.

"Ìyá Toản, ẹ káàbọ̀ o," ni Khoát wí. "A ò tíì kúrò ní èbúté."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù ni mo wọ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ bá mi wọ̀ ọ́."

Khoát rẹ́rìn-ín. Obìnrin yìí tẹ́ ẹ lọ́rùn lójú ẹsẹ̀, ó sì tún wá bà á lẹ́rù.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà dùn. Òjò ti fọ ojú àpáta mọ́, igi tútù yọ̀yọ̀ lórí wọn, ọkọ̀ ń rọra kọjá láàárín wọn. Ìyá Toản jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Khoát níbi ìdarí ọkọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó sì ń wo àwọn òyìnbó tí wọ́n wọ ọkọ̀ kéékèèké, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tu ara wọn kiri nínú oòrùn.

"Wọ́n sanwó láti wá ṣe ìyẹn?" ló bi í.

"Owó ńlá."

"Wọ́n sanwó láti wá máa làágùn?"

"Ìyá Toản, wọ́n tiẹ̀ tún máa ń dúpẹ́."

Ó jẹ ẹ̀pà méjì sí i. "Ẹ bá mi fi ọ̀nà abúlé wa hàn wọ́n. Ìrẹsì mi ti tó lọ́ gbìn." Khoát rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ibi tí ọkọ̀ dojú kọ. Ngần gbọ́ ẹ̀rín náà láti ilé ìdáná, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n ju ìdákọ̀ró. Àwọn àlejò jẹun tiwọn lókè, lẹ́yìn náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ngần gbé ẹja odindi kan kalẹ̀, ó ti fi ooru omi sè é pẹ̀lú atalẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé, Toản sì bu ọtí ìrẹsì fún àwọn àgbà. Ìyá Toản tọ́ ẹja wò, ó mi orí, ó tún mú sí i. Ó ní ẹni tó se èyí mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ ò rí i bí ojú Ngần ṣe ń dán.

Kò pẹ́ tí ẹran fi tán ní ẹ̀gbẹ́ òkè ẹja náà. Ìyá Toản rí i pé Ngần ò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu, gbogbo wọn ló ń bu oúnjẹ fún. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ló ní ẹran jù, ó sì fẹ́ bù ú fún ọmọ náà. Ó ki igi ìjẹun méjèèjì bọ abẹ́ ẹja, ó sì yí i padà.

Ẹ wò ó, ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà lórí omi mọ̀ pé wọn kì í yí ẹja padà nínú àwo. Bí ẹ̀gbẹ́ òkè bá tán, wọ́n á yọ egungun rẹ̀ kúrò, wọ́n á jẹ ìsàlẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá yí ẹja ti dojú ọkọ̀ dé nìyẹn. Toản mọ̀, ó ti jẹun pẹ̀lú wọn fún ọdún mẹ́ta. Kò kàn rántí sọ fún ìyá rẹ̀ ni.

"Má yí i!" Khoát ti fò dìde. "Ṣé o fẹ́ pa gbogbo wa ni?"

Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́, ó ti fọ́. Ó jágbe mọ́ àna tí kò tíì di àna, lójú ọmọ rẹ̀, bí ẹni tó ń bá ọmọdé wí.

Ìyá Toản rọra gbé igi ìjẹun rẹ̀ kalẹ̀. "Ọmọ yín ni mo fẹ́ bu ẹja fún," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Ó dáa. Bàbá Ngần, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ èèwọ̀ ẹja tó báyìí, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ èèyàn. Níbo lẹ sin ìwọ́ ọmọ yín sí? Ilẹ̀ wo? Àbí omi lẹ jù ú sí, tí ẹja jẹ ẹ́?"

Khoát la ẹnu. Ẹnu tí gbogbo èbúté ń bẹ̀ pé kó dákẹ́ kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ìyá Toản dìde, tòun ti ẹ̀wù pupa rẹ̀, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ngần bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo. "Ẹ ṣeun, Bàbá," ló sọ, kò sì wo ojú rẹ̀. Èébú ì bá sàn fún Khoát ju ọpẹ́ yẹn lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti fà. Khoát bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife tíì kan, ó lọ kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá Toản, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló burú, inú mi ò burú."

"Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu la fi ń mọ inú." Ṣùgbọ́n ó gba tíì.

"Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan lánàá. Mi ò lè fi ẹnu dáhùn ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí n fi hàn yín."

Ó gbé e wọ ọkọ̀ kékeré. Ngần àti Toản dúró lẹ́yìn Lékeléke, wọ́n ń wò wọ́n lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n dojú kọ. Khoát tu ọkọ̀ gba abẹ́ ihò àpáta kan tó kéré débi pé àwọn méjèèjì ní láti tẹrí ba, wọ́n sì yọ sí ibi kan tí àpáta yí ká, tí omi rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ilé wa nìyí," ló wí.

Ìyá Toản wò ó. Omi ni.

"Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí, ilé ìdáná ni. Ọ̀hún ni ilé ẹ̀gbọ́n mi. Ajá wa a máa fò láti ilé dé ilé." Ó tu ọkọ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀ àpáta kan, níbi tí igi wíwọ́ kan ti hù láti inú ihò òkúta. "Ìwọ́ Ngần sì nìyẹn. Ìdí igi yẹn."

Ó wá sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò sọ̀rọ̀ rí. Ìyá tó bí Khoát ní ọpọ́n jíjò kan tó fi ń gbin àlùbọ́sà sí ẹnu ọ̀nà. Ẹja ló fi pààrọ̀ erùpẹ̀ inú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń tòkè odò bọ̀, òun sì ni gbogbo ilẹ̀ tí ìdílé wọn ní láyé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí Ngần, ìyá àgbà náà fa gbogbo àlùbọ́sà náà tu. Ó kó erùpẹ̀ sínú ìkòkò pẹ̀lú ìwọ́ ọmọ, ó ní kí Khoát gbé e gun àpáta. Òjò ń rọ̀, kò wọ bàtà. Ó sin ín, ó fi òkúta dí i. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi jẹ ẹja láìsí àlùbọ́sà, ìyá àgbà náà kò sì ráhùn lọ́jọ́ kan.

"Mo mọ̀ pé ilẹ̀ inú ọpọ́n kì í ṣe ilẹ̀," ló wí. "Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún ẹni tó loko."

"Ẹ sún ọkọ̀ mọ́ ọn."

"Ìyá Toản, òkúta yẹn máa ń yọ̀."

"Mo ní kẹ́ ẹ sún ọkọ̀ mọ́ ọn."

Ó bọ́ ẹ̀wù pupa náà, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán gun àpáta. Ẹsẹ̀ àgbẹ̀ ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró nínú ẹrẹ̀. Ó fa ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ki ọwọ́ bọ ihò náà dé ìgúnpá, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó ti kan ọrùn ìkòkò. Ó jókòó sórí òkúta, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Khoát rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àfìgbà tó rí omijé.

"Ọsibítù ni mo bí Toản sí," ló wí. "Èèyàn ò sí lọ́dọ̀ mi. Ó rẹ̀ mí, mo sùn lọ. Nígbà tí mo jí tí mo béèrè ìwọ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn ti kó o dànù mọ́ pàǹtí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún ìyá ọkọ mi? Mo wé àkísà kan sínú ewé, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó sin ín sí ìdí àgbọn pẹ̀lú tùràrí, ó pe gbogbo ará ilé." Ẹ̀rín ti ń dà pọ̀ mọ́ ẹkún rẹ̀. "Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ń bomi rin àgbọn yẹn, Bàbá Ngần. Bí ẹnikẹ́ni bá ká èso rẹ̀, á ní kí wọ́n rọra, pé Toản ló wà níbẹ̀. Títí ó fi kú. Àkísà!"

Khoát rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ kékeré náà fi ń mì. Òun náà ò mọ ìgbà tí ojú tirẹ̀ tutù.

Ìyá Toản nu imú. Ó dìde dúró lórí àpáta náà pẹ̀lú ṣòkòtò tútù, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú rẹ̀. "Ọmọ tiyín ló nílé. Tèmi ni kò ní. Mi ò gbé nǹkan kan dání, mi ò mọ̀ pé èmi ni mo máa wá bẹ̀bẹ̀. Bàbá Ngần, mo wá tọrọ ọmọ yín."

"Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ má baà ṣubú," ni Khoát wí. "A ti fún yín."

Nígbà tí wọ́n padà dé ẹ̀gbẹ́ Lékeléke, Toản sáré wá na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. Ngần dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di etí aṣọ ìdáná mú.

"Kí lò ń wò?" ni Ìyá Toản wí. "Fà mí sókè. Oṣù kẹwàá ni."

"Oṣù kẹwàá kí ni, Ìyá?"

"Oṣù kẹwàá tẹ́ ẹ máa ṣègbéyàwó, tí ìwọ náà á nílé."

Toản wo Khoát bóyá yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún òun. Khoát ń so okùn ọkọ̀ kékeré mọ́ ara ọkọ̀ ńlá, kò sì sọ nǹkan kan.