Bọ́tìnnì Tí Narcisa Ò Tẹ̀

Òòlù mi ni wọ́n fi fọ́ ọwọ́ Narcisa. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi òòlù yẹn kan irin kankan mọ́. Inú odò ni mo jù ú sí.

Mẹkáníìkì ni mí ní gáréèjì bọ́ọ̀sì wa nílùú Durán. Narcisa Quimí ló ń pín iṣẹ́ fáwọn awakọ̀. Olórí kunkun obìnrin ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ọ̀gá wa ra ètò olówó gọbọi sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, Narcisa ní òun ò fẹ́. Ètò ìkọ̀wé lásán, tí kò ní nǹkan kan ju lẹ́tà lọ, ló mú, ó sì ń tún un ṣe títí ó fi bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Bọ́tìnnì kan ń kọ aago fún un. Òmíràn ń kó iṣẹ́ tó parí lọ sísàlẹ̀. Èyí tó fẹ́ràn jù ló ń fi àpótí kékeré síwájú iṣẹ́, kí awakọ̀ lè fi àmì sínú rẹ̀ tó bá ṣe é tán. Ohun tó bá kọ, lójú ẹsẹ̀ ló ń hàn lórí fóònù gbogbo awakọ̀, àwọn náà sì lè kọ nǹkan síbẹ̀.

Ibẹ̀ náà ló ń kọ nǹkan ọbẹ̀ rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kan, Kléver, àbúrò rẹ̀ tí Narcisa fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dàgbà, tó ń wakọ̀ lọ́dọ̀ wa, ka "ẹja tútù, ẹ̀gẹ́, àlùbọ́sà", ló bá já èrò sílẹ̀, ó gbé ẹja wọ ọ́fíìsì. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

"Ṣé orí ẹ pé?" ni Narcisa wí. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín! Ohun tí kò bá ti ní àpótí níwájú, ọbẹ̀ mi ni, ẹ má dá a lóhùn!"

Nígbà tó yá, Kléver kọ̀ láti bá àwọn jàǹdùkú àdúgbò gbé ẹrù wọn, ó sì gbá ẹni tó gbé e wá létí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ya wọ ọ́fíìsì. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n fi ìdí ìbọn lù mí lórí, mo kúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí mi lójú.

"Ìyá, pe àbúrò ẹ wá," ni olórí wọn wí.

"Fóònù tìẹ dà? Pè é fúnra ẹ."

Ó fọ́ ọ létí. "Kọ ọ́ síbẹ̀ yẹn kí n máa wò ó. Kọ ọ́ pé kó máa bọ̀ kíákíá. Tóo bá fi nǹkan míì kún un, màá tú ọpọlọ ẹ sára ògiri!"

Narcisa kọ ọ́ bó ṣe wí gẹ́lẹ́. Mo wo iwájú ọ̀rọ̀ náà: kò sí àpótí. Mo yáa dojú bolẹ̀ kí wọ́n má bàa rí i lójú mi.

Wọ́n jókòó dè é, wọ́n jẹ bolón, ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún tí wọ́n ṣù rogodo, tí Narcisa gbé wá. Kléver ò dé. Ọ̀kan nínú wọn tó wà níta sáré wọlé, ó ní àwọn rí bọ́ọ̀sì rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kò séèyàn nínú rẹ̀. Olórí wọn tún kọ̀ǹpútà wò. Kì í ṣe òmùgọ̀, ó rí i pé gbogbo iṣẹ́ yòókù ní àpótí níwájú.

"Àpótí dà?"

"Ṣebí ìwọ lo ní n ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan míì kún un."

Ó fa òòlù yọ ní ìbàdí mi. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Narcisa sórí bọ́tìnnì rẹ̀, ó sì ń fọ́ ọ, ìka lẹ́yìn ìka. Lẹ́tà àti ẹ̀jẹ̀ ń ta káàkiri ilé. Narcisa ń ké, ó ń ṣépè fún ìran wọn. Mo dìde, wọ́n sì fi ìdí ìbọn yọ eyín iwájú mi.

Nígbà tó ti ọsíbítù dé, ìka rẹ̀ ti wọ́ bí atalẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ pé kó lo ètò tí òun rà. "Ẹ gbé e fún ìyàwó yín," ló fi dá a lóhùn. Ó jókòó, ó tún gbogbo bọ́tìnnì náà tò fún ọwọ́ òsì.

Ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò gbúròó Kléver. Ṣé wọ́n ti bá a lọ́nà ni? Ojoojúmọ́ ni Narcisa ń kọ "ẹja tútù" sókè pátápátá, láìsí àpótí. Àwọn awakọ̀ ò dá a lóhùn. Wọ́n mọ òfin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dúró tì í nígbà tí àpótí kan ṣàdédé yọ síwájú ẹja náà, Narcisa ò sì tẹ bọ́tìnnì kankan. Ó pẹ́ díẹ̀, àmì wọ inú rẹ̀.

Narcisa gbé ọwọ́ tó ti bàjẹ́ yẹn lé ojú kọ̀ǹpútà. "Ó ti ra ẹja," ló wí, ló bá bú sẹ́kún.